Tí ṣúgà bá wà lára yín: bẹ́ ẹ ṣe máa gba ojú yín lọ́wọ́ ẹ̀, láti yíyẹ ojú wò títí dórí abẹ́rẹ́ àti lésà

Aṣọ ni màámi ń tà, òfì àti àdìrẹ, léèsì náà wà ńbẹ̀ díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan a jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo rí wọn tí wọ́n ń fọwọ́ lé nǹkan níwájú ojú, wọ́n lé e, wọ́n tún lé e. Mo ní, màámi, kí lẹ̀ ń lé? Wọ́n ní eṣinṣin yìí ò jẹ́ káwọn gbádùn. Mo wò títí, eṣinṣin kankan ò sí níbẹ̀. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n gbé e wọ̀ padà, wọ́n ní ó ṣì wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ ti ń gùn bí òwú aláǹtakùn. Kó tó dalẹ́, ojú ọ̀tún ti ṣú bí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ dúdú bò ó.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń jò sínú ẹyinjú. Ọdún kọkànlá rèé tí ṣúgà ti wà lára wọn, oṣooṣù ni wọ́n ń lọ sí kílíníìkì kan tí wọ́n ti ń yẹ ṣúgà àti bípíì wò tí wọ́n sì ń gba oògùn bọ̀, nínú gbogbo ọdún yẹn ẹnì kankan ò kán oògùn sí wọn lójú kó wo ẹ̀yìn ojú náà. Àwa ọmọ ò sì béèrè. Tá a bá tiẹ̀ ní kí wọ́n lọ yẹ ojú wò, màámi á ní ojú àwọn mọ́ kedere, ṣebí àwọn ṣì ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwo gíláàsì. Òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Ohun tó ń dùn mí dòní nìyẹn, torí ojú tí ṣúgà ń bà jẹ́ kì í dunni, kì í pọ́n, kì í sepin, ẹ máa ríran dáadáa títí di ọjọ́ tí nǹkan á fi já nínú ẹ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé màámi lọ sí ilé ìwòsàn ojú láti ìgbà yẹn, ohun tí mo bi àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, èyí tí mo kà fúnra mi, àti ibi tá a ti ṣàṣìṣe, ni mo kó jọ síbí kí ẹlòmíì má baà gba ọ̀nà tá a gbà.

Kí ni ṣúgà ń ṣe nínú ojú gan-an

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn pátápátá nínú ẹyinjú, rẹ́tínà ni wọ́n ń pè é. Òun ló dà bí aṣọ funfun tí wọ́n ń ta sí ara ògiri tí wọ́n bá fẹ́ fi sinimá hàn, ara ẹ̀ ni àwòrán gbogbo ohun tá à ń wò máa ń bọ́ sí, òun ló sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Àárín gbùngbùn ẹ̀, ibi tó kéré gan-an, la fi ń kàwé, la fi ń dá ojú èèyàn mọ̀, la fi ń mọ ẹgbẹ̀rún náírà yàtọ̀ sí igba. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín ló ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn lọ síbẹ̀. Tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ara àwọn òpó yìí á máa di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, á wú níbì kọ̀ọ̀kan bí ìléròrò kékeré, á máa jo omi àti ọ̀rá. Tí omi yẹn bá lọ dúró sí àárín tá a fi ń kàwé, ibẹ̀ á wú, lẹ́tà á máa wọ́, ojú á máa ṣe bàìbàì. Nínú gbogbo ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà gba ìríran lọ́wọ́ èèyàn, èyí ló wọ́pọ̀ jù.

Ọ̀nà kejì ló le. Àwọn òpó míì á dí pa, rẹ́tínà tí ebi ń pa á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kẹ́míkà kan jáde tí wọ́n ń pè ní VEGF, kẹ́míkà yẹn ló máa ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun hù. Ẹ máa ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣebí òpó tuntun la fẹ́, rárá o, ẹlẹgẹ́ ni wọ́n, ibi tí kò yẹ ni wọ́n sì ń hù sí, wọ́n á rá kúrò lórí rẹ́tínà bọ́ sínú omi tó ki bíi funfun ẹyin tútù tó kún inú ẹyinjú, tí wọ́n bá ti já báyìí, ẹ̀jẹ̀ á tú síbẹ̀. Eṣinṣin màámi nìyẹn. Tó bá tún pẹ́ síi, àpá á mú wọn, àpá yẹn á máa fa rẹ́tínà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa ká a kúrò lára ògiri ẹ̀. Wọ́n sì lè hù síwájú ojú kí wọ́n dí ibi tí omi ojú ń gbà jáde, ìyẹn á di gùlókómà, kí ojú le nínú ju bó ṣe yẹ lọ kó sì máa ba ìríran jẹ́, irú èyí tó máa ń dunni burúkú.

Ṣúgà tún máa ń jẹ́ kí kataráàtì, ìyẹn kùrukùru tó ń bo lẹ́ǹsì inú ojú, tètè dé ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá gbọ́ èyí torí owó ló ń ná èèyàn: tí ṣúgà bá ń lọ sókè sódò, lẹ́ǹsì inú ojú máa ń wú ó sì tún máa ń wálẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú mọ́ lónìí kó ṣú lọ́la. Ẹ má lọ ṣe gíláàsì tuntun lákòókò yẹn. Ẹ jẹ́ kí ṣúgà dúró sójú kan fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gíláàsì tẹ́ ẹ fowó yín ṣe ò ní bá ojú yín mu mọ́ tó bá di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ lọ nígbà tí ojú ṣì mọ́

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé ẹ ní ṣúgà, irú èyí tó máa ń mú àgbàlagbà, ẹ lọ yẹ ojú wò lọ́gán, ẹ má dúró. Ìdí ẹ̀ ni pé irú ṣúgà yẹn lè ti wà lára fún ọdún mélòó kan káwọn èèyàn tó mọ̀, ojú lè ti máa bàjẹ́ bọ̀ láti ìgbà yẹn. Irú èyí tó máa ń mú ọmọdé àtàwọn ọ̀dọ́, tó jẹ́ pé ínsúlínì ni wọ́n á máa gún láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, àfi tí dókítà ojú fúnra ẹ̀ bá ní ẹ máa tètè wá tàbí kẹ́ ẹ fi í jìnnà díẹ̀. Obìnrin tó ti ní ṣúgà tẹ́lẹ̀ tó wá lóyún, ẹ lọ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, torí oyún máa ń jẹ́ kó yára burú.

Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ní kẹ́ ẹ ka lẹ́tà lára ògiri kí wọ́n tó ta gíláàsì fún yín ni mò ń sọ. Ẹ lè ka gbogbo lẹ́tà ògiri yẹn tán kí ẹ̀jẹ̀ ṣì máa múra àtijò lẹ́yìn ojú. Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni pé kí wọ́n kán oògùn tó ń fẹ ọmọlójú sí yín lójú kí wọ́n wo rẹ́tínà, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ yá fọ́tò ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ sọ ọ́: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣúgà ń bẹ lára mi, ẹ bá mi wo rẹ́tínà mi." Tí ibi tẹ́ ẹ ti ń gba oògùn ò bá ṣe é, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ sí ibi tí dókítà ojú wà. Àwọn ilé ìwòsàn fásitì, irú UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, gbogbo wọn ló ní ẹ̀ka ojú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju lẹ́tà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ń pe gbogbo ẹni tó ní ṣúgà láti ọmọ ọdún 12 lọ sókè wá yá fọ́tò ojú lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí fọ́tò ẹ̀ bá ti mọ́ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, ní England ọdún méjì méjì ni wọ́n wá ń pè é báyìí. Lọ́dún 2014 àwọn dókítà ibẹ̀ kọ ọ́ jáde pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí àádọ́ta ọdún, ojú tí ṣúgà bà jẹ́ kọ́ ló ń fọ́ ojú àwọn tó ṣì lágbára iṣẹ́ jù mọ́ ní England àti Wales, wọ́n sì sọ pé ó jọ pé yíyá fọ́tò yìí wà lára ohun tó fà á. Nílé níbí, ẹnì kankan ò ní kọ lẹ́tà sí yín. Ẹ so ó mọ́ ọjọ́ tẹ́ ò lè gbàgbé, ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde, kó ṣáà ti jẹ́ ọdọọdún. Ti màámi, ọjọ́ ìbí èmi la so ó mọ́, wọ́n ní àwọn ò lè gbàgbé ọjọ́ táwọn rọbí.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ

Ẹ mú èèyàn kan dání, ẹ má wa mọ́tò lọ, ẹ sì má jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà bọ̀. Ẹ mú gíláàsì yín, ẹ mú orúkọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò (ẹ kúkú kó páálí wọn sínú báàgì), ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ ń kọ ṣúgà yín sí. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ kẹ́ ẹ sì lo oògùn yín, torí ìjókòó ibẹ̀ lè pẹ́, mo ti rí bàbá kan tí ṣúgà wọn já wálẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tí òógùn bò wọ́n, súwíìtì ọwọ́ ọmọ ẹlòmíì la fi dá wọn padà.

Wọ́n á kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ ka lẹ́tà, wọ́n á wọn bí ojú ṣe le sí nínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kán oògùn sí i. Ó máa ń ta díẹ̀, bí ìgbà tí ọṣẹ bá bọ́ sójú, kì í pẹ́ tó fi ń lọ. Ẹ máa jókòó bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ọmọlójú á fẹ̀, fóònù yín ò ní í ṣe é kà mọ́, ìmọ́lẹ̀ á máa gún ojú. Dókítà á wá fi iná wo inú ẹ̀, á ní ẹ wòkè, ẹ wolẹ̀, ẹ wo ọ̀tún. Wọ́n lè tún fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní OCT ya rẹ́tínà bí ẹni la búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́, kò kan ojú, kò dunni, òun ló ń fi hàn bóyá omi wà ní àárín. Nígbà míì wọ́n á gún oògùn aláwọ̀ òféefèé sí iṣan apá yín kí wọ́n lè rí ibi tí òpó ti ń jò, tí wọ́n bá ṣe ìyẹn, ara àti ìtọ̀ yín á pọ́n rúsúrúsú títí dọjọ́ kejì, ẹ má bẹ̀rù. Tí oògùn kan bá ti gbòdì lára yín rí, tàbí tẹ́ ẹ lóyún, ẹ sọ kí wọ́n tó gún un.

Oògùn tó fẹ ojú yẹn lè tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó wálẹ̀, ti ẹlòmíì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú fìlà tàbí gíláàsì dúdú dání torí oòrùn.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú dókítà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé ṣúgà ti kan rẹ́tínà mi àbí kò tíì kàn án, ṣé omi wà ní àárín, ìgbà wo ni kí n padà wá. Tí wọ́n bá ní ó ti kàn án, ẹ sọ fún dókítà tó ń tọ́jú ṣúgà yín kó yẹ kíndìnrín yín wò pẹ̀lú, òpó tíntìntín kan náà ló wà níbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé láàárín àyẹ̀wò méjì

Ojú méjì máa ń bo àṣírí ara wọn, ìyẹn ni èèyàn ò fi ń mọ̀ títí ọ̀kan á fi bàjẹ́ tán. Torí náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀, ẹ wọ gíláàsì yín, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, ẹ fi ọ̀tún wo kàlẹ́ńdà ara ògiri tàbí àwọn ilà táìlì, ẹ wo àárín gbùngbùn nọ́ńbà kan. Ṣé àwọn ilà tó yí i ká gún régé, àbí ibì kan tẹ̀? Ṣé nọ́ńbà kan wà tí kò sí mọ́, tí nǹkan dúdú jókòó lé? Ẹ pààrọ̀ ọwọ́, ẹ wo ti ojú kejì. Màámi máa ń wo pákó wíńdò, wọ́n á ní "lónìí ó gún." Kò ní kẹ́ ẹ má lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́dọọdún, ó kàn lè jẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ̀ ni.

Tẹ́ ẹ bá ṣàdédé rí nǹkan dúdú tó ń fò káàkiri, tàbí mànàmáná ń kọ nínú ojú, tàbí bí ìgbà tí kọ́tìnì ń wálẹ̀ látẹ̀gbẹ́ kan, tàbí ojú kan kàn lọ, ẹ má sún un di ọ̀la. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Àwa sún un fún ọjọ́ mẹ́rin, a ní bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni.

Ṣúgà àti bípíì ni oògùn àkọ́kọ́

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi gbà á gbọ́. Lọ́dún 1993 ni èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, èèyàn 1,441 tó ní irú ṣúgà tó ń fẹ́ ínsúlínì ni wọ́n fi ṣe é, nínú àwọn tí ojú wọn ò tíì ní nǹkan kan, àwọn tó fọwọ́ líle mú ṣúgà wọn, ewu pé ojú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ fi ìdá 76 nínú 100 dín sí ti àwọn tó kù. Ní 1998 àwọn ará Britain náà rí i fún ṣúgà àwọn àgbàlagbà pé ẹni tó bá mú bípíì wálẹ̀ dáadáa, ojú ẹ̀ kì í tètè burú síi.

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ohun tí dókítà máa ń wá ni kí ṣúgà kó tó jẹun wà láàárín 80 sí 130 mg/dL, kí tẹ́ẹ̀sì HbA1c, èyí tó ń tú àṣírí oṣù méjì mẹ́ta sẹ́yìn, wà ní bí ìdá 7 nínú 100, kí bípíì má ju 130/80. Ti yín lè yàtọ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti dàgbà tàbí tí ṣúgà yín máa ń já wálẹ̀ lójijì, ẹ bi dókítà yín. Ó tún ku nǹkan kan táwọn èèyàn kì í sọ: tí ṣúgà bá ti wà lókè fún ìgbà pípẹ́ tó wá já wálẹ̀ kíákíá, bíi tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì, ojú tó ti ní nǹkan tẹ́lẹ̀ lè kọ́kọ́ burú díẹ̀ kó tó dáa. Ẹ má torí ẹ̀ sá fún ínsúlínì o. Ẹ kàn lọ jẹ́ kí wọ́n wo ojú yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tàbí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, wọ́n ní kì í ṣe olóṣúgà ní nǹkan, bí òkèlè bá ti pọ̀, ṣúgà á lọ sókè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ò yọ èèyàn nínú ìyẹn.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́ sójú

Gbólóhùn yẹn ló lé màámi dìde lórí àga. Abẹ́rẹ́, sójú! Wọ́n ní káwọn kú fọ́jú ó sàn. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe rí kí tiyín má baà rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí ni pé ó ń pa kẹ́míkà VEGF yẹn lẹ́nu mọ́, tí kẹ́míkà náà bá dákẹ́, òpó á dín bó ṣe ń jò kù, omi àárín á gbẹ, òpó tuntun á rọ. Bevacizumab, ranibizumab, aflibercept, àwọn lẹ máa ń gbọ́ jù. Èyí àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Avastin, oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, òun ló máa ń dínwó jù, ọ̀pọ̀ dókítà ojú ló sì ń lò ó, torí náà tẹ́ ẹ bá rí "jẹjẹrẹ" nínú ìwé ẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n parọ́ fún yín.

Wọ́n á kán oògùn tó ń pa ojú kú, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n á fi omi aláwọ̀ ilẹ̀ kan fọ ojú àti ìpéǹpéjú kí kòkòrò má wọlé, ìyẹn gan-an ló máa ń ta ju abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n á fi irin kékeré kan gbé ìpéǹpéjú dúró kẹ́ ẹ má baà ṣẹ́jú. Dókítà á ní ẹ wo òkè, ara funfun ojú ló máa gún, kì í ṣe dúdú, ẹ ò ní í rí abẹ́rẹ́ náà bọ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n bí ìgbà tẹ́nì kan fìka tẹ̀ yín, ó ti tán. Ọwọ́ mi ni màámi dì mú, wọ́n ní "ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" Nọ́ọ̀sì ní màmá, a ti ṣe é tán.

Ẹ lè rí àwọn róbótó dúdú kéékèèké tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ojú fún ọjọ́ kan tàbí méjì, atẹ́gùn ni. Funfun ojú lè pọ́n níbi tí wọ́n gún. Ẹ má fọwọ́ pa á, ẹ má jẹ́ kí omi ìwẹ̀ tàbí omi àlùwàlá wọ ọ́ fún iye ọjọ́ tí wọ́n bá sọ. Ṣùgbọ́n tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín gan-an, tó ń pọ́n síi dípò kó máa mọ́, tí ìríran ń lọ sílẹ̀, ẹ sáré padà lọ́jọ́ náà, kòkòrò lè ti wọ inú ẹ̀. Kò wọ́pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ṣe pàtàkì.

Abẹ́rẹ́ kan ò tó. Ojú ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù rèé, a fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù níbẹ̀ náà. Oṣooṣù ni wọ́n máa ń gún un fún oṣù mélòó kan níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó máa fi í jìnnà síra. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, màámi rí ojú ọmọ-ọmọ wọn kedere, wọ́n ní ó ti tán, kí la tún ń nówó sí. A fi oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Omi ti padà, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, owó tá a rò pé a fi pamọ́ di ìlọ́po méjì. Nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ abẹ́rẹ́, ẹ bi wọ́n pé mélòó lẹ̀ ń rò, ẹ bi wọ́n iye tí ọ̀kan jẹ́, ẹ bi wọ́n bóyá ìnṣọ́ránsì yín gbà á, kẹ́ ẹ wá pe àwọn ọmọ jókòó kẹ́ ẹ pín in láàárín ara yín látòkè délẹ̀. Tí agbára ò bá ká oògùn tí wọ́n dárúkọ, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ má kàn dákẹ́ kẹ́ ẹ má lọ mọ́, dókítà lè mọ ọ̀nà míì. Wọ́n tún ní irú abẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ sitẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń mú kí wíwú wálẹ̀, ìyẹn máa ń pẹ́ díẹ̀ nínú ojú, àmọ́ ó lè mú kí ojú le nínú kó sì pe kataráàtì wá, wọ́n á máa ṣọ́ ọ.

Lésà

Lésà ni wọ́n máa ń lò jù tó bá jẹ́ òpó tuntun ló ti ń hù. Ẹ jókòó síwájú ẹ̀rọ, ẹ gbé àgbọ̀n lé e, wọ́n á pa ojú kú, wọ́n á fi gíláàsì kékeré kan sí i, iná á máa tàn pàù pàù. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà ni wọ́n máa tàn án, ó lè ju ẹgbẹ̀rún lọ lójú kan, wọ́n lè pín in sí ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ó máa ń dun ẹlòmíì díẹ̀, ẹ sọ fún wọn tó bá dùn yín.

Ohun tó ń ṣe rèé. Ẹ mọ bí àgbẹ̀ ṣe ń fa àgbàdo tó pọ̀ jù tu lórí ebè kan kí èyí tó kù lè rí omi mu. Lésà ń jó ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ rẹ́tínà tí ebi ti ń pa kó má baà máa ké fún òpó tuntun mọ́, kí àárín tẹ́ ẹ fi ń ríran lè rí atẹ́gùn tó tó. Nítorí náà ẹ gbọ́ dáadáa: lésà kì í dá ìríran tó ti lọ padà. Èyí tó kù ló ń dáàbò bò. Ojú á lè ṣú díẹ̀ lálẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìríran á lè dín, àwọn èèyàn á wá máa sọ pé "lésà ló fọ́ màmá lájá lójú." Màmá lájá yẹn lọ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò padà lọ parí ẹ̀, ojú wọn ti bàjẹ́ jìnnà kí wọ́n tó lọ, lésà wá gba ẹ̀bi. Tí wọ́n bá ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kún inú ojú, tàbí rẹ́tínà ti ká

Nígbà míì wọ́n á ní kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ fà, kẹ́ ẹ máa fi ìrọ̀rí gbé orí sókè sùn. Tí kò bá fà, tàbí tí àpá ń fa rẹ́tínà, iṣẹ́ abẹ ló kù. Dókítà á gba ihò wínníwínní mẹ́ta wọlé, á fa omi tó ti dàpọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ jáde, á gé àpá náà, á tẹ́ rẹ́tínà padà. Robert Machemer, dókítà ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Miami, ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní nǹkan bí 1970, kó tó dìgbà yẹn, ẹni tí ojú ẹ̀ bá dé ibẹ̀, ó ti parí nìyẹn.

Wọ́n lè fi gáàsì tàbí òróró sínú ojú kó máa ti rẹ́tínà mọ́ ògiri. Tó bá jẹ́ gáàsì, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dojúbolẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ wá ẹni tó máa gbé oúnjẹ fún yín. Ẹ ò sì gbọdọ̀ wọ bàálù títí gáàsì yẹn á fi tán, torí lókè lọ́hùn-ún ó máa ń fẹ̀, ó lè fọ́ ojú yẹn pátápátá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ṣe é nílé tẹ́ ẹ fẹ́ padà sí London, ẹ sọ fún dókítà kó tó fi í sí i. Òróró ní tiẹ̀, wọ́n sábà máa ń padà yọ ọ́.

Ohun tẹ́ ò gbọdọ̀ fi sójú

Kò sí oògùn kíkán kan tó ń tú ẹ̀jẹ̀ inú ojú ká tàbí tó ń tún rẹ́tínà ṣe, yálà èyí tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì ni tàbí èyí tó wà nínú ìgò ẹlẹ́wà. Ìtọ̀, omi ọmú, oje ewé, oyin, ẹ jọ̀ọ́, ojú kọ́ nibẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni oògùn kíkán tó ní sitẹ́rọ́ọ̀dù tẹ́nì kan lò tó bá a mu tó wá fi fún yín, tẹ́ ẹ bá ń lò ó fúnra yín fún ìgbà pípẹ́, ó lè dá gùlókómà sílẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Tí ìríran bá ti dín

Ojú ọ̀tún màámi ò padà tán. Wọ́n ń rí ẹni tó ń bọ̀, wọn ò mọ ẹni tó jẹ́ títí tó fi sọ̀rọ̀. Ojú òsì la gbà là, òun náà ni wọ́n fi ń tajà títí dòní. A ta iná funfun tó mọ́lẹ̀ sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, a fi téèpù pupa lé etí àtẹ̀gùn, a sọ lẹ́tà fóònù wọn di ńlá, fóònù náà sì ń ka ìsọfúnni sí wọn létí. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ dókítà ojú bóyá wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, ọ̀tọ̀ ni sí gíláàsì ìkàwé lásán.

Ẹ wá mójú tó ínsúlínì gan-an. Ẹni tí ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì lè gún ogún dípò mẹ́wàá. Ó ní péènì ínsúlínì tó máa ń dún kẹ́ kẹ́ tẹ́ ẹ bá ń yí i, àmọ́ ẹ má fi kíka ohùn yẹn nìkan ṣe é, ẹni tó ń ríran dáadáa ni kó wo nọ́ńbà ẹ̀ kí wọ́n tó gún un, àràárọ̀ àti alaalẹ́. Nílé wa, ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ń wò ó láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, á kà á sókè, màámi á tún un pè, kí wọ́n tó gún un.